Ère Obìnrin Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Ṣókótó ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, aṣọ ni mo ń rán jẹun ní Kofar Kware. Tí mo bá ní mo mọ ara obìnrin, kì í ṣe ẹnu lásán. Téèpù mi ti yí ìdí Haúsá ká, ó ti yí ti Yorùbá ká, ti ọlọ́mọge àti ti ìyá àgbà, mi ò sì tíì rí ẹyọ ẹnìkan tí ara rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èyí tó sanra á ní kí n fi aṣọ bá òun pa á mọ́. Èyí tó tín-ín-rín á ní kí n wá nǹkan ṣe sí ìdí òun. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín, àfìgbà tó kan ọmọ mi.

Ọmọbìnrin mi ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì, ìgbéyàwó rẹ̀ sì ti sún mọ́lé. Ó rí fọ́tò ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àna wa wá tọrọ rẹ̀, ó ní apá òun ti tóbi jù, bó ṣe pa oúnjẹ tì nìyẹn. Tíì kíkorò láàárọ̀, tíì kíkorò lálẹ́. Èmi ni mò ń rán aṣọ ìgbéyàwó náà. Á wọ̀ ọ́ níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù, á yí síhìn-ín, á yí sọ́hùn-ún, á ní, "Màámi, ẹ bá mi dín in kù." Mo ń dín in. Ṣùgbọ́n mi ò gé nǹkan kan kúrò o, inú ni mò ń ká gbogbo ẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan ó dákú lójú títì Sama Road, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló da omi lé e lórí, tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e wá bá mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé ìbínú ló jáde. Mo pariwo títí ohùn mi fi há, ó kàn kọjú sí ògiri ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ fún wọn. Mo yọjú wo fóònù rẹ̀. Kai! Obìnrin kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́: ọmú rẹ̀ balẹ̀ sórí ikùn, ikùn rẹ̀ sọ̀, ìdí rẹ̀ bí ìkòkò. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Màámi. Ère ni. Ó ti wà nínú ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó hú u. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ."

Inú mi dùn bíi ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Ṣé o ti rí i? Àwọn ará àtijọ́ mọ ohun tó dára! Ẹni tó ń jẹun ni wọ́n ń gbẹ́ ère rẹ̀!"

Kò bá mi jiyàn. Ó fìka sún fọ́tò náà kúrò, òmíràn yọ: obìnrin gbọọrọ, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó ká apá mọ́ ikùn, kò sí ẹran lára rẹ̀ rárá.

"Ará àtijọ́ ló ṣe èyí náà. Ṣé àwọn wọ̀nyí ò mọ ohun tó dára ni?"

Ó mú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn, ìjà kúrò níbẹ̀. Ta ló jókòó gbẹ́ ẹ? Ṣé ẹni tó wù ú ni, àbí aládùúgbò rẹ̀ lásán? Mo wo ère onírọ́bà tí mo ń gbé aṣọ kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí kò lórí, tí ìbàdí rẹ̀ kò jọ ti oníbàárà mi kankan. Tí wọ́n bá hú ìyẹn lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á ní báyìí làwọn obìnrin Ṣókótó ṣe rí. Irọ́ ńlá!

"Kí ló dé tí alára ńlá àkọ́kọ́ yẹn ò lẹ́sẹ̀?" mo bi í.

Ó ní àwọn kan rò pé obìnrin ló gbẹ́ ara rẹ̀. Kò sí dígí nígbà náà. Ó kàn tẹrí wo ara rẹ̀ ni, ohun tójú rẹ̀ rí ló gbẹ́. Ó ní kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ló gbà bẹ́ẹ̀.

Mo dìde dúró, mo tẹrí wo ara mi. Wallahi, òun gan-an ni! Ọmú, ikùn, ó tán. Mo wá ẹsẹ̀ mi tì. Mo bú sẹ́rìn-ín, ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Mo bá lọ yí dígí náà, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri.

"Wọ aṣọ ẹ."

Ó wọ̀ ọ́. Àyà aṣọ náà dá dúró lọ́tọ̀, kò kàn án lára.

"Ó yá, tẹrí wò. Kí lo rí?"

Ó fọwọ́ tẹ àyà aṣọ náà wọlé, ó tẹrí.

"Mo rí ẹsẹ̀ mi," ó ní. "Ó ń gbọ̀n."

Ẹnu ń yún mi, àmọ́ mo pa á dé. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má ba nǹkan jẹ́.

"Màámi, ebi ń pa mí."

Fúrá tí mo rà fún ara mi ṣì wà nínú abọ́. Ó bọ́ aṣọ náà, mo gbé abọ́ fún un. Bó ṣe ń mu ún, mo mú abẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìgbéyàwó náà, kí èyí tí mo ti ká sínú lè jáde padà. Ó ń wò mí. Kò ní kí n má tú u.