Bàbá Tó Lóṣòó Nítorí Bíréèkì

Ẹni tó bá ní òun mọ olóògbé Theophilus Àrójòjoyè, tí kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó lóṣòó sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Sylvester, irọ́ ni onítọ̀hún ń pa, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Fàrídà wà níbẹ̀. Òun ló gbé fáìlì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan.

Bàbá yìí ni olórí ẹ̀ka tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ akẹ́rù fún ìpínlẹ̀, nínú ọ́fíìsì kékeré kan ní Yábàá tí fáànù rẹ̀ máa ń yí nígbà tó bá wù ú. Fàrídà ni igbákejì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Bàbá pín ètò rẹ̀ sí. Ọdún kìíní, kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ọdún kejì, maṣíìnì tó ń dán bíréèkì tírélà àti típà wò kí wọ́n tó gun afárá. Ọdún kẹta, òṣùwọ̀n tó ń wọn ẹrù. Ti ọdún kejì yẹn gan-an ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Bíréèkì. Ó ti sú u kí òṣìṣẹ́ máa fi ẹsẹ̀ ta táyà, kó ti nǹkan bọ àpò, kó ní, "Máa lọ, ó dáa."

Ó ti sú Fàrídà náà. Ní Pápá Àjàó tí wọ́n bí i sí, típà kan tí bíréèkì rẹ̀ já ló ya wọ ilé tó kọjú sí tiwọn, ó sì pa obìnrin kan. Obìnrin náà ló máa ń di irun fún Fàrídà.

Ètò Bàbá ti pẹ́ lórí tábìlì Sylvester, ẹni tó ń pín owó ìjọba fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, débi pé eruku ti bò ó. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Sylvester tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ó tì o," ni Bàbá dáhùn. "Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Iléṣà ni mí? Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n bá dé ilé ẹni tó jẹ wọ́n, ṣé wọ́n máa ń jókòó ni? Òṣó ni wọ́n ń ló títí owó á fi jáde!" Ló bá fa ṣòkòtò sókè, ó lóṣòó sáàárín kápẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nìyẹn.

Sylvester rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, ẹ̀rín ti tán. Àwọn àlejò ń wọlé, wọ́n ń kí Bàbá, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Sà," wọ́n ṣe bí inú ló ń run ún. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ tiẹ̀ lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ó kúnlẹ̀, ó rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni Sylvester fa fáìlì mọ́ra, ó sì fọwọ́ sí owó ọdún kìíní. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Bàbá ò lè dìde. Orúnkún ti gan paali. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e jáde bó ṣe lóṣòó gẹ́lẹ́, ó na ìwé sókè, ó ní kí wọ́n gba iwájú ẹ̀ka ìṣirò owó kọjá kí àwọn ìyẹn náà lè rí i.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ọjọ́ méjì ló fi lóṣòó, òjò sì ń rọ̀ lé e lórí. Nínú ọ́fíìsì o! Tí Fàrídà bá ní, "Sà, òjò ò rọ̀," á ní, "Ìwọ lo gbé fáìlì, ṣé o ráyè wòkè ni?"

Owó jáde, ó wá ku kí wọ́n ra kámẹ́rà. Ilé iṣẹ́ kan rán ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kelvin wá láti Erékùṣù, tòun ti kóòtù àti bàtà tó ń dán gbinrin. Ó fi kámẹ́rà hàn wọ́n: tí tírélà bá ti ń kọjá báyìí, kámẹ́rà á ka nọ́ńbà rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì sọ bóyá wọ́n ti yẹ ọkọ̀ náà wò àbí wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n fi ẹja ìjẹta lọ̀. Kelvin sọ iye tó ń tà á. Bàbá ní ìdajì lòun máa san. Kelvin ní kò gbà. Bàbá dìde, ó ní, "Ó dáa, mo ń lọ ní tèmi," ó sì jáde kúrò nínú ọ́fíìsì ara rẹ̀.

Ṣebí bí a ṣe ń nájà nìyẹn? Tó o bá ti kẹ́yìn síbẹ̀, ọlọ́jà á pè ọ́ padà. Àmọ́ ta ló sọ fún Kelvin? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ra tòmátò nínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù ńlá! Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń tẹ fóònù. Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lábẹ́ fèrèsé, ó ń retí ìpè. Nígbà tí wákàtí kan kọjá, ó tẹ Fàrídà láago.

"Ṣé kò tíì pè mí ni?"

"Kò tíì pè yín, Sà."

"Kí ló wá ń ṣe?"

"Ó ń jẹ bisikíìtì yín."

"Yéè! Sọ fún un pé mo ti ń dé Ojúẹlẹ́gba!"

Fàrídà ló wá ṣàlàyé fún ọmọ ọlọ́mọ. Kelvin sáré lọ sójú fèrèsé, ó pariwo, "Ẹ padà wá, Sà! Ẹ fi díẹ̀ lé e!" Bàbá gòkè wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ráhùn pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í jẹ́ kéèyàn máa lọ lọ́nà ẹ̀. Wọ́n pàdé láàárín, inú àwọn méjèèjì sì dùn. Bisikíìtì ló ń dun Bàbá.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún kìíní parí, Bàbá yá maṣíìnì bíréèkì kan fún ọjọ́ kan péré, kí àwọn ọ̀gá lè fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n fẹ́ náwó lé. Ìgànmú ni wọ́n gbé e sí. Irin róbótó méjì ni, táyà á máa yí lórí rẹ̀, dírẹ́bà á tẹ bíréèkì, kọ̀ǹpútà á sì kọ bó ṣe lágbára tó. Nígbà tí dírẹ́bà típà tí wọ́n bẹ̀ pé kó wá gbọ́ irú ohun tó ń dúró dè é, ńṣe ló pa fóònù. Àwọn ọ̀gá ti ń wo aago. Bàbá ní, "Kò burú. Ẹ jẹ́ n gbé tèmi gùn ún."

Pijó ni tirẹ̀, èyí tó ti ń wà láti ìgbà tí Débọ̀ àkọ́bí rẹ̀ ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó gun irin, ó tẹ bíréèkì. Kọ̀ǹpútà pọ́n wẹ̀: kò yege. Ó tún un tẹ̀. Kò yege. Bàbá yọrí lójú fèrèsé, ó nàka sí maṣíìnì, ó ní, "Ìwọ! Ṣé o mọ ẹni tó mú ẹ wá síbí?" Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn ọ̀gá ti fi ìwé bo ẹnu, èjìká wọn ń mì.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó wo maṣíìnì títí, ẹ̀rín wá bú lẹ́nu rẹ̀. "Kò mojú mi! Èmi tí mo fi orúnkún jà fún un, kò mojú mi! Ẹ̀yin èèyàn, irú ẹ̀ gan-an là ń wá." Ó kọ ìwé ẹ̀sùn fún ara rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá relé. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Mabel, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Surulere, ti ń pariwo bíréèkì yẹn láti ọdún méjì. Wọ́n ní ó kàn bu oúnjẹ fún un, ó ń fi imú kọ orin ọpẹ́.

Ikú nìkan ni kò bá a nájà. Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí òun rọra sùn díẹ̀, kò sì jí mọ́. Fàrídà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ẹni rere lọ, maṣíìnì ò sì tíì dé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ti ń jà ràn-ìn pé wọ́n fẹ́ mú owó maṣíìnì ra jíìpù. Fàrídà, tí kì í lè pariwo "Ó wà o!" nínú bọ́ọ̀sì títí wọ́n á fi gbé e kọjá ibi tó ń lọ, òun ló wá ku ẹni tí yóò bá àwọn ọ̀gá mẹ́jọ sọ̀rọ̀.

"Fàrídà," ni Sylvester wí, "Ọlọ́run á tẹ́ Ẹ̀gbọ́n sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣàyẹ̀wò láìsí ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa gbé jáde? Jíìpù mẹ́rin péré ni."

Fàrídà ṣí ẹ̀dà ìwé ètò Bàbá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ka wọn sí ọdún kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè láìkọ́kọ́ wò ó. "Ohun tó lè dí ètò lọ́wọ́. Èkíní, iná mànàmáná. Èkejì, àgbàrá òjò. Ẹ̀kẹta, Sylvester."

Ó fọwọ́ bo ojú ìwé náà.

"Máa kà á," ni Sylvester wí.

"Sylvester yóò fẹ́ fi owó maṣíìnì ra jíìpù. Yóò ní mẹ́rin péré ni."

Háà! Ẹ̀rín bẹ́. Ẹnì kan ń fọwọ́ gbá tábìlì, òmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Sylvester náà ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. "Bàbá burúkú! Ó dáa, kí ló ní kí wọ́n ṣe fún mi?"

Fàrídà ń kà á lọ. "Kí ẹ má bá a jà. Èèyàn dáadáa ni, ọkọ̀ ló kàn ń wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kí ẹ bẹ̀ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Sylvester yọ gíláàsì, ó nu ojú rẹ̀, ó tún nu gíláàsì. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fún òun ní bírò.

Bí maṣíìnì ṣe dé nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, típà kan tó kún fún òkúta gùn ún, dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Jẹ̀lílì ló ń wà á. Kọ̀ǹpútà ní bíréèkì ẹ̀yìn kò sí rárá. Jẹ̀lílì bú maṣíìnì, ó bú ìjọba, ó bú ẹni tó gbé e wá. Fàrídà ní ẹni náà ti kú. Jẹ̀lílì ní, "Kí Ọlọ́run forí jì í," ó sì ń bá èébú rẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó jáde, páìpù bíréèkì tó ti já wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá dírẹ́bà, ibo lẹ fẹ́ gbé eléyìí gbà?"

"Afárá," ni Jẹ̀lílì dáhùn. "Mo fẹ́ já sí Òtò, lẹ́bàá ọjà." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí," ló wí, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ó tẹ ìyàwó rẹ̀ láago, ìyẹn gbé e, Jẹ̀lílì sì ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn ọmọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fàrídà gba Surulere lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Mabel.

"Maṣíìnì ọkọ mi ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Mà. Ó ti mú èyí tí ì bá pààyàn." Fàrídà wolẹ̀. "Ẹyọ kan péré ni, Mà. Ẹ má bínú."

"Ṣé dírẹ́bà yẹn níyàwó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ní mẹ́ta."

"Ibo ló fẹ́ gbé ọkọ̀ gbà?"

"Òtò, Mà. Lẹ́bàá ọjà."

Àǹtí Mabel ń fi ìka ọwọ́ kà á. Ó ka ọwọ́ kan tán, ó bọ́ sí èkejì, ó ń ka àwọn tó ń rajà àti àwọn tó ń tà, títí ìka fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó na gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí Fàrídà.

"O wá ń pe ìyẹn ní ẹyọ kan."