Àgbá Epo Mẹ́sàn-án ní Wákàtí Kan

Orval ló ń tọ́jú ẹnjíìnì mẹ́ta inú ọkọ̀ ojú omi kékeré tá a fi ń jagun ní erékùṣù Rendova nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ náà sì ti ba ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ la fi ń rọ pẹtiróòlù látinú àgbá, awọ fẹ́lẹ́ la sì fi ń sẹ́ ẹ kí omi má bàa wọnú ẹnjíìnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, à ń bọ̀ láti ojú ogun, kò sẹ́ni tó fojú kan oorun. Ọ̀gá wa, Prentiss, pariwo: "Orval, jẹ́ kó fò! Mo fẹ́ lọ sùn!"

Orval yọrí síta, ó fa ohùn bí ewúrẹ́ tí òjò pa: "Ọ̀gáaa, tá a bá sáré, wákàtí kan la máa fi délé, ó sì máa mu àgbá mẹ́sàn-án. Tá a bá rọra lọ, wákàtí mẹ́rin ni, àgbá mẹ́ta péré. Ta ló máa wá rọ mẹ́fà yẹn? Ìyá yín?"

Prentiss wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tó ti bó, torí òun náà máa ń bá wa rọ epo. "Fi ìyá mi sílẹ̀ jàre. Rọra máa lọ."

Orval pa ẹnjíìnì méjì, ó dùbúlẹ̀ sáàárín wọn, ó ń hanrun. Gbogbo wọn sùn, ó wá ku èmi tí mo ń tukọ̀.