Ọjọ́ Tí A Ti Gbogbo Ìlẹ̀kùn Láìnì Alátà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ìgboro Accra, kó má wulẹ̀ lọ yọ àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu. Kó wá bá èmi Àdìgún. Máṣíìnì ìránṣọ ni mò ń tún ṣe, kò sì sí irú máṣíìnì tó wọ Ghánà láti ayé òmìnira tí n kò tíì tú ìfun rẹ̀ síta kí n sì tò ó padà. N kò jókòó ní kíláàsì rí. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń wé ẹ̀pà ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, títí tí àwọn tó lọ sílé ìwé fi wá ń bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Àlájà Fáòsíà aláṣọ ni, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Láìnì Alátà, láàárín ọjà Makola àti ibùdókọ̀ Tudu, kí wọ́n tó wó ibẹ̀.

Ìyá Fáòsíà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ aṣọ sórí okùn tà níbẹ̀. Alátà ni àwọn ará Ghánà ń pe àwa Yorùbá, àwa la sì kún láìnì náà, ni wọ́n bá fi orúkọ wa pè é. Nígbà tí ìjọba Ghánà ayé ìgbà náà ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn, ìyá náà gbé Fáòsíà pọ̀n, ó di Ẹ̀jìgbò. Ọdún gorí ọdún kí wọ́n tó padà. Wọ́n bá ìsọ̀ wọn bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ Gã, ọmọ onílẹ̀ Accra, ló ń gbá iwájú rẹ̀ láràárọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìdí ìrọ́ rẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti di òfin ní láìnì wa: ẹni tó bá lọ, ẹni tó kù ni yóò máa gbá iwájú ìsọ̀ rẹ̀.

Òfin kejì wà. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, ìbáà ṣe lèmọ́ọ̀mù, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe olówó tó fẹ́ ra ọjà ọkọ̀ kan, gbogbo wa á ti ìsọ̀, a ó sì jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu láìnì. Ẹni tó bá jókòó ti ọjà rẹ̀ ti fi àlejò wọ́lẹ̀. Ìyá Fáòsíà ló fi èyí lélẹ̀, nígbà tó sì kú, Fáòsíà ló gba ipò rẹ̀. Èmi rí ọjọ́ tí a ti gbogbo ìsọ̀ nítorí ọba kan láti òkè àríwá. Ẹṣin rẹ̀ pàápàá tẹríba fún wa.

Láyé ìgbà náà, èrò pọ̀ ní láìnì wa débi pé bí o bá ju abẹ́rẹ́ sókè, kò ní balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àìsàn wọ ìgboro. Kò dé lójijì. Gọ́tà ló kọ́kọ́ dí, omi òjò ń wọ ìsọ̀. Àwọn ọkọ̀ trotro yí ọ̀nà padà, wọn kò já èrò sí ẹnu láìnì wa mọ́. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa rí i rà ní ọjà Kaneshie, àwọn ọmọ wọn sì ń fi fóònù ra tiwọn lórí ibùsùn. Mọ́nsúrù ọlọ́ṣẹ, tí ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ti Fáòsíà, ló kọ́kọ́ kó lọ sí Kaneshie. Ó ní òun ń lọ wò ó ná. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí tó fi jẹ́ pé bí mo bá wúkọ́ nínú ìsọ̀ mi, ìró rẹ̀ á lọ dé Tudu, á sì tún padà wá bá mi.

Láràárọ̀ ni Fáòsíà ń gbá iwájú ìsọ̀ gbogbo wọn. Bí ẹnìkan bá béèrè Mọ́nsúrù, á ní, “Ó jáde ni, ó ń bọ̀.” Mọ́nsúrù ti jáde láti ọdún tó ti pẹ́.

Lubabah, ọmọ Fáòsíà, ń gbé Darkuman, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré níwájú ilé rẹ̀. Accra ló dàgbà sí, èdè Twi ti jẹ ìdajì Yorùbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì tó kù mú bí abẹ. Ó wá bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan.

“Màámi, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù mi. Ibí yìí ti kú.”

“Èmi tí mo wà níbẹ̀ ńkọ́? Òkú ni mí?”

“Mi ò sọ yẹn. Ẹ̀yin àti Bàbá Onímáṣíìnì lẹ kù. Ṣé ẹ máa ta ọjà fún ara yín ni?”

“Bàbá Onímáṣíìnì?” Fáòsíà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Kò ra ọ̀pá aṣọ kan lọ́wọ́ mi rí. Èyí tó wọ̀ yẹn náà ló ń fọ̀ tó tún ń wọ̀.”

Aṣọ tó wà nínú àpótí mi nígbà náà, ọba ò ní irú rẹ̀.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún ìgboro ṣe. Wọn yóò la gọ́tà, wọn yóò tẹ́ òkúta sójú ọ̀nà, wọn yóò gbé iná sí i, kí èrò lè padà wá. Ilé-iṣẹ́ kan ló gba iṣẹ́ náà, n kò ní í fi orúkọ wọn ba ẹnu mi jẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abena ni wọ́n rán sí wa. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó jókòó nínú ìsọ̀ Fáòsíà, ó mu omi. Twi ni wọ́n sọ, Twi tèmi sì ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Kumasi lọ, nítorí náà bí mo ṣe yí i sí Yorùbá yìí ló rí gẹ́lẹ́.

“Hajia,” ni Abena wí, “láìnì tó bá ṣì wà láàyè, a ó tún un ṣe. Èyí tó bá ti kú, a ó wó o, a ó fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ ní Ọjọ́rú láti wá fojú ara wọn rí i. Ẹ múra dè wọ́n dáadáa.”

“Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé a wà láàyè?”

“Wọ́n á kàn rí yín.”

Abena lọ. Ó rò pé a ti gbọ́ ara wa yé.

Fáòsíà wọ ọkọ̀ lọ sí Kaneshie lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. A bá Mọ́nsúrù láàárín ọṣẹ rẹ̀, oníbàárà yí i ká.

“Àlájà, ẹ wo èrò,” ó ní. “Ṣé kí n fi èyí sílẹ̀ kí n wá jókòó ti ìlẹ̀kùn tó ti dógùn-ún?”

“Ọjọ́ kan ni mo bẹ̀ ẹ́. Mò ń gbá iwájú ìsọ̀ rẹ láti ọjọ́ tó o ti lọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí.”

Mọ́nsúrù yọ ọṣẹ kan, ó tún un tò. Ó ní òun á wá.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kiri, ọjà dé ọjà, títí dé Agbogbloshie láàárín àwọn oníṣu. Nígbà tí Ọjọ́rú fi máa mọ́, gbogbo wọn ti padà. Ìlẹ̀kùn tí kò ṣí látọjọ́ pípẹ́ ń ké. Ọṣẹ Mọ́nsúrù ga bí ògiri. Fáòsíà kó gbogbo aṣọ rẹ̀ síta, àwọn tó kàn fẹ́ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Tudu dúró, wọ́n ń ná ọjà. Èmi nìkan tún ogún máṣíìnì ṣe kí oòrùn tó mú. Mo rí Fáòsíà tó jókòó, tó ń wo òkè láìnì, tó ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. N kò tíì rí i kí ojú rẹ̀ tú ká bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Lọ́sàn-án, Abena pè é lórí fóònù láti ọ́fíìsì pé àwọn ọ̀gá ti gbéra, ọ̀nà Makola ni wọ́n máa gbà wọlé. Fáòsíà dìde, ó so gèlè rẹ̀ le.

“Ó yá,” ó ní, “ẹ tì í.”

“Gbogbo wa?” ni Mọ́nsúrù béèrè.

“Ṣé o fẹ́ kí àlejò wá bá ẹ nídìí ọṣẹ ni?”

Mọ́nsúrù rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀. Kaneshie ti mú un gbàgbé ìlànà ilé. A kó ọjà wọlé, a fi àgádágodo sí gbogbo ìlẹ̀kùn nítorí àwọn jáwójáwó, a sì tò sí ẹnu láìnì lọ́wọ́ Makola, àwọn obìnrin níwájú kí wọ́n lè kúnlẹ̀, àwa ọkùnrin lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì tí mo kó jọ sẹ́nu lọ́jọ́ náà, ọ̀gá tó bá gbọ́ ọ, á gbé àga rẹ̀ fún mi.

A dúró. Oòrùn pa wá. Kò sẹ́ni tó dé.

Ọkọ̀ ti dí ojú Makola pa, àwọn ọ̀gá sì ti yí gba ọ̀nà Tudu. Láìnì wa tẹ̀ láàárín, ẹni tó wà ní ẹnu kan kò lè rí ẹnu kejì. Wọ́n wọlé láti ẹ̀yìn wa, wọ́n bá ìlẹ̀kùn ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ojú wọn tó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jáde. Nígbà tó fi sú wa, tí a padà, àmì ọ̀dà pupa wà lára gbogbo ìlẹ̀kùn. Obìnrin tó ń ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àwọn ará Ghánà, lápá Tudu ló sọ fún wa.

“Àwọn ọkùnrin kan ló wá. Wọ́n ní ó hàn pé kò sẹ́ni tó ń tajà níbí mọ́.”

Fáòsíà fọwọ́ kan ọ̀dà náà lára ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kò tíì gbẹ. Ó wo ìka rẹ̀, ó sì nù ún mọ́ ìrọ́ tuntun tó ró nítorí àlejò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti òun wà ní ọ́fíìsì wọn. Abena mú wa lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin náà kò fi ọ̀yájú sọ̀rọ̀, ó kàn na fóònù rẹ̀ sí wa.

“Hajia, ẹ wò ó fúnra yín. Gbogbo ìlẹ̀kùn ló tì.”

“Nítorí yín la ṣe tì í.”

“Ta ní ń ti ìsọ̀ nítorí pé wọ́n ń bọ̀ wá wò ó bóyá ó ń tà?”

“Àlejò lẹ jẹ́ fún wa, ọ̀gá. Ṣé kí n máa ná aṣọ pẹ̀lú oníbàárà, kí n tún máa kí yín?”

Ọkùnrin náà wo Abena, Abena wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń sanwó iṣẹ́ náà, kò ṣe é dá padà. Èmi náà sọ Gẹ̀ẹ́sì mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wa.

Kí ọdún Iléyá tó dé, wọ́n wó láìnì wa. Àwọn tó wá kó ẹrù wọn dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, katakata ń pariwo. Mọ́nsúrù wá dúró níwájú Fáòsíà.

“Lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, oníbàárà mi bá ìlẹ̀kùn mi ní títì ní Kaneshie. Àwọn wọ̀nyí náà bá a ní títì níbí. Ohun tẹ́ ẹ pè mí wá ṣe nìyẹn, Àlájà?”

Àwọn tó kù kò bá Mọ́nsúrù wí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì yà sọ́dọ̀ Fáòsíà láti dágbére fún un.

Abena nìkan ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó bẹ ibí, ó bẹ ọ̀hún, títí tó fi rí ṣọ́ọ̀bù kan gbà fún Fáòsíà lókè pátápátá nínú ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí náà. Fáòsíà béèrè pé àwọn yòókù ńkọ́. Abena ní ọ̀kan ṣoṣo ni òun rí. Fáòsíà gbà á, nítorí kò mọ bí èèyàn ṣe ń jí lówúrọ̀ láìlọ sí ìgboro.

Darkuman ló ti ń wọ ọkọ̀ trotro lọ báyìí, ọ̀dọ̀ Lubabah ló ń sùn. Ẹni tó bá dé ìgboro lónìí, á mọ̀ pé ara ìgboro ti yá. Gọ́tà ń ṣàn, òkúta ń dán, iná pọ̀ débi pé òṣùpá kò jáde níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń ta bàtà, wọ́n ń ta fóònù, èrò ń wọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni èrò ń rìn. Kò sẹ́ni tó ń gun òkè nítorí aṣọ.

Mo gòkè lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èmi tí mo lè gun àkàsọ̀ dé ọ̀run láyé àtijọ́, mo sinmi láàárín ọ̀nà. Mo bá a tó jókòó lójú fèrèsé, ó ń wo òrùlé àwọn mọ́tò nísàlẹ̀.

“Àlájà,” mo ní, “ẹ jẹ́ ká kó ẹrù yìí lọ sí Darkuman. Kí lẹ tún ń ṣe níbí?”

“Mo ti rò ó. Mo fẹ́ lọ.” Ó ká aṣọ kan, ó tún un tú, ó tún un ká. “Ta ni mo fẹ́ dágbére fún?”

Mo jókòó tì í títí tí wọ́n fi ń ti ilé náà.