Dùùrù Orí Sítáńpù

Nígbà tí báńkì gbé mi lọ sí Onitsha, ogun abẹ́lé ti parí, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ò tíì kúrò lára ilé. Yàrá kan ni mo gbà ní àdúgbò Fegge. Ògiri tó kọjú sí títì ṣì ní ihò ọta ìbọn, àwọn bíríkìlà sì ń fi sìmẹ́ǹtì dí i. Owó epo ti ń dé, ilé tuntun ń yọ ní gbogbo àdúgbò. Èmi nìkan ni Yorùbá nínú ilé náà. Mádáàmù Báńkì ni wọ́n ń pè mí.

Láti ilé ìwé ni mo ti fẹ́ràn kí n máa kó sítáńpù jọ. Kì í ṣe gbogbo sítáńpù o, èyí tí wọ́n ya ohun èlò orin sí nìkan ni. Bàbá mi, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló fún mi ní àkọ́kọ́. Mo ní fèrè, mo ní gìtá, mo ní ìlù oríṣiríṣi. Mo sì fẹ́ kí òǹtẹ̀ pósọ́fíìsì hàn kedere lórí rẹ̀. Nítorí náà n kì í ṣí sítáńpù kúrò lára àpòòwé. Ńṣe ni mo máa ń gé òun àti òǹtẹ̀ pa pọ̀, n ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ka ìlú tó wà nínú òǹtẹ̀ náà, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, n ó sì kọ orúkọ ìlú náà sábẹ́.

Obìnrin aránṣọ tó wà ní yàrá iwájú ló kọ́kọ́ bá mi ṣọ̀rẹ́. Ó dàgbà jù mí lọ, Sístà ni mo ń pè é. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lédè Ìgbò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mú aṣọ lọ fún un, mo rí àpòòwé kan lórí maṣíìnì rẹ̀. Sítáńpù ara rẹ̀ ló fà mí: dùùrù olókùn kan tí wọ́n gbẹ́ orí ènìyàn sí ṣóńṣó rẹ̀. N ò rí irú rẹ̀ rí. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí n lè ka òǹtẹ̀ náà. Gabon ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó rí orúkọ ìlú kà, ó ti rọra gbà á lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi. Ó tì í sábẹ́ aṣọ tó ń rán, ó ní ti ẹnìkan ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìkíni ti kúrú. Bí mo bá dé ibi ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ á dá. Obìnrin kan tó ti máa ń fún mi ní àpòòwé àtijọ́ sọ pé ọmọ òun kì í kọ lẹ́tà mọ́, bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rí ẹni tó ń pín lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá álíbọ́ọ̀mù mi lórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ inú àpótí ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Sítáńpù kankan ò sọnù. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí olè ì bá mú nǹkan. Mo ra àgádágodo tuntun. N ò gbé aṣọ fún Sístà rán mọ́. Tó bá rẹ́rìn-ín sí mi, n ó máa wá ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rín náà. Mo rò pé nítorí pé mo jẹ́ Yorùbá ni, pé ogun ò tíì tán nínú wọn.

Onílé wa ló pe ọ̀rọ̀ náà jáde. Bàbá àgbà ọmọ ìlú Odekpe kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó pè mí sí iwájú ilé. Sístà jókòó tì í. Pijin ni bàbá fi bá mi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

"Ọmọ mi, ta lò ń kó orúkọ ìlú tí àwọn ènìyàn wa wà fún?"

Mo ní ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ó ní nígbà tí ogun parí, àwọn kan sá lọ sí òkè òkun, ọkàn wọn ò sì tíì balẹ̀ láti padà. Obìnrin kan wá láti ìwọ̀-oòrùn, ó ń fi awò ka ibi tí lẹ́tà wọn ti wá, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni kí àwọn pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Wọ́n rò pé amí ni mí. Mo wọlé, mo gbé álíbọ́ọ̀mù náà jáde, mo ṣí i lé bàbá lórí itan. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ojú ewé dé ojú ewé. Sístà ò wo àwòrán kankan, ohun tí mo kọ sábẹ́ wọn ló ń kà.

"Ohun èlò orin nìkan?"

"Òun nìkan ni, Sístà."

"Àbúrò mi ló wà níbi tí lẹ́tà ọjọ́ yẹn ti wá," ó ní. "Bí ohunkóhun bá ṣe é, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó wá."

Mo ní mo gbọ́. Mo wá béèrè ẹni tó wọ yàrá mi. Bàbá yíjú sí títì, Sístà ń gbọn fọ́nrán òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀. Mo gbé álíbọ́ọ̀mù mi, mo wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sístà kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti fi omi rẹ sítáńpù náà kúrò lára àpòòwé, ó sì ti fi sísọ́ọ̀sì gé apá tí òǹtẹ̀ wà dànù. Ó ku dùùrù àti orí rẹ̀. Lójú ẹni tó ń kó sítáńpù jọ, ó ti bàjẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù.

Kí báńkì tó gbé mi kúrò ní Onitsha, àbúrò náà padà dé, ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Àwọn obìnrin ilé kọrin pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ara balẹ̀, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ sítáńpù fún un, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní òun ò tiẹ̀ wo ohun tó wà lára sítáńpù náà, ṣùgbọ́n òun máa ń gbọ́ ohùn dùùrù yẹn nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Mo bi í léèrè ìlú wo ni. Ó la ẹnu láti dáhùn, Sístà gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní kó jẹun kó tó tutù. Ó jẹun. N ò béèrè mọ́.