Ìyàwó Mi Lọ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Béèrè

Dókítà ni ìyàwó mi, káfíńtà lèmi. Àwọn tó bá rí wa lójú ọ̀nà máa ń rò pé èmi ni mò ń bá a gbé báàgì, irọ́ sì kọ́. Ilé ìwòsàn kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ọmọdé, arúgbó àti aboyún ti ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Ó mọ ìyá, ó mọ ọmọ, ó mọ ẹni tó ń lo oògùn àti ẹni tó ń tọ́jú tiẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dunni. Ibì kan ṣoṣo ló ti kù díẹ̀ káàtó. Bí ẹni tó sanra bá wọlé, ì báà jẹ́ etí ló ń dùn ún, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gbọ́ kó tó jáde: "Ẹ dín oúnjẹ kù." Ó sọ ọ́ títí àwọn aláìsàn fi sọ ọ́ ní Dókítà Ẹ-Dín-In-Kù.

Ẹnì kan wà tí kò lè sọ ọ́ fún láéláé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aránṣọ ni. Òun ló pọ̀n mí dàgbà, òun náà ló rán aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó mi. Ìyàwó wo ló máa wá kojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ní ó ti sanra jù? Ìyàwó mi á kí i, á béèrè iṣẹ́, á béèrè ọmọ, á yin aṣọ tó wà lọ́wọ́, á sì panu mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ara ẹ̀gbọ́n mi ò le. Orúnkún ń ro ó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ ló ń já mi láyà jù. Kò lè sùn lórí ibùsùn mọ́. Orí àga pálọ̀ ló ń jókòó sùn sí, á máa hanrun bí ayùn tó há sínú pákó líle, lẹ́ẹ̀kan náà á dákẹ́. Kò ní mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ta kìjí, kó sì fa èémí gùn-ún bí ẹni tó yọrí nínú omi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́jọ́ kan ó máa dákẹ́, kò sì ní ta kìjí mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí ilé ìwòsàn ìyàwó mi rí, lọ́jọ́ tí ìyàwó mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Kò padà débẹ̀ mọ́. Bí a bá bi í, á ní iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ìyàwó mi rò pé ó ń tijú kí aya àbúrò òun máa yẹ òun wò. Lójú tèmi, agídí pọ́ńbélé ni.

Nígbà tó yá, wọ́n kó àwọn dókítà bíi tìyàwó mi jọ láti kọ́ wọn ní ìtọ́jú ìsanrajù. Ó ń ráhùn kó tó lọ. "Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi? Kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n dín in kù ni?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wọlé, ó jókòó, kò bọ́ bàtà.

"Wọ́n ní àìsàn ni," ó wí. "Béèyàn bá ti ń fọn, ara fúnra ẹ̀ á máa bá a jà kó lè gba ohun tó sọnù padà. Oògùn wà fún un. Ó yẹ kí n máa béèrè oorun wọn, ìrònú wọn, oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò. Èmi wá dúró síbẹ̀, mò ń kọrin ẹ-dín-in-kù. Inú ń bí mi sí ara mi."

Olùkọ́ wọn tún ní kí wọ́n máa fi ìbéèrè kan ṣe ìdánrawò nílé, èyí tí wọ́n máa fi tọrọ àyè kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. Orí èmi tí mò ń jẹun lọ́wọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbà ká sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ara yín lónìí?"

"Ohùn ọlọ́pàá nìyẹn," ni mo fèsì.

Ó tún un sọ.

"Èyí dà bí ẹni tó fẹ́ yá ayùn mi, tí kò sì ní dá a padà."

Ó ju ìrọ̀rí lù mí. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́, títí ohùn náà fi di tiẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ó ní ká lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí ẹ̀rọ, téèpù lọ́rùn. Ìyàwó mi fa àga sún mọ́ ọn.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbà kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ara yín? Bí ẹ ò bá gbà, ká sọ nǹkan mìíràn."

Ẹ̀rọ dúró. Ilẹ̀ ni mo ń wò ní tèmi, mo ti ń wá ọ̀nà ìlẹ̀kùn.

"Ta ló máa pariwo ẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà ò yé wa. Ó wá là á. Ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni òṣùwọ̀n wà nílé ìwòsàn yẹn, nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sì wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ló kígbe iye kílò rẹ̀ gba orí gbogbo èrò kọjá.

"Ẹnì kan súfèé. Oníbàárà mi méjì jókòó síbẹ̀," ó wí. "Ojoojúmọ́ lèmi ń wọn èèyàn. Ṣé mo pariwo ìdí ẹnikẹ́ni rí?"

Omi lé ròrò sójú ìyàwó mi. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ti ń gbọ́ igbe yẹn, tí kò sì kà á sí nǹkan kan. "Ẹ forí jì wá, Àǹtí mi," ó wí. Ẹ̀gbọ́n mi dì í mú, ó ní kó má sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òṣùwọ̀n ti wọ yàrá dókítà, ìlẹ̀kùn sì ń tì. Èmi náà kan àga gbòòrò tí kò ní apá fún àwọn tó ń dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀kan. Ìyàwó mi bi í nípa oorun, ó kọ̀wé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n sì rí i pé lóòótọ́ ni èémí rẹ̀ ń dúró. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú bó bá ń sùn. Ìyàwó mi fi oògùn ìsanrajù kún un, ó sì ń pè é wá déédéé. Ẹ má rò pé ó ti di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ o. Ó ṣì ń kún ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ti ń fọn díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé tábìlì ìlọṣọ kan lọ sílé rẹ̀. N kò gbọ́ ìhanrun. Mo wo àga pálọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ju tábìlì sílẹ̀, mo sáré wọ yàrá. Ó na gbalaja lórí ibùsùn, ẹ̀rọ wà nímú rẹ̀, kò mira. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Ó la ojú kan.

"Kí lò ń wá?"

"Mo rò pé..."

"Mò ń sùn ni. Jẹ́ kí n sùn, jàre."

Ó pa ojú náà dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, mo sì sunkún ayọ̀. Mo rọra sun ẹkún náà, kí n má bàa jí i.