Irin Tí Kò Ní Wáyà

Láti ọjọ́ tí ẹnìkan tó ń tún rédíò ṣe ti yọ ojúlówó nǹkan inú rédíò Ìyá Sàúdátù, tó fi àlòkù rọ́pò rẹ̀, ìyá arúgbó ará Fìdítì yìí ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà mọ́. Nígbà tí rédíò náà tún yadi, Ìyá kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde nínú ilé òun. Ni Abdulwaheed, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìlọrà, bá gun ọ̀kadà wá bá a.

Kò sí iná mànàmáná. Síbẹ̀ ó tú rédíò náà, ó yọ irin kan tí kò ní wáyà jáde nínú àpò rẹ̀, ó fín gáàsì sí ìdí rẹ̀ bí ẹni ń fín in sí láítà, ó sì ṣáná sí i.

Ìyá fà sẹ́yìn. "Ṣé o fẹ́ jólé mọ́ mi lórí ni?"

"Irin tí a fi ń jó òjé ni, Mà. Gáàsì ló ń lò."

Ìyá tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí òjé fi yọ́, tí wáyà tó já fi lẹ̀ padà. Rédíò bú sọ́rọ̀.

"Tún tú u, kí n wo inú rẹ̀."

Abdulwaheed rẹ́rìn-ín, ó tú u. Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kò rí ohun tó sọnù. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà àlùbáríkà fún un. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà ti lọ tán, ó gbé rédíò náà sórí àga ní àgbàlá, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ìròyìn lókèèrè, nítorí kò dá a lójú pé gáàsì ò ṣẹ́kù sínú rẹ̀.