Àga Tí Dìdeńlẹ̀ Gbé Lọ

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àdúgbò ń pe obìnrin tó ń fi òróró wọ́ra fún aláìsàn ní yàrá kékeré tó wà lókè kẹ́míìsì. Àwọn tí àárẹ̀ ń bá jà, àárẹ̀ tí oorun kì í lé lọ, ló ń wá bá a jù, torí òun náà ti ní in rí, kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ tán. Orí àga ló máa ń jókòó sí ṣiṣẹ́, á máa tẹ ara wọn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni di ẹyin mú. Ẹni tí wọ́n bá tẹ̀ le jù nínú wọn, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ yá gágá. Tó bá di ọjọ́ kẹta, á dùbúlẹ̀ gbalaja.

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni o. Ọwọ́ ló rọ̀, inú ò rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti di ẹnì kan sínú: ọ̀gá ilé ìfọṣọ tí òun ti ń lọ aṣọ tẹ́lẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Dìdeńlẹ̀. Nígbà tí àárẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, ó bẹ ọ̀gá yìí pé kó jẹ́ kóun máa jókòó lọ aṣọ. Dìdeńlẹ̀ gbé àga kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Àárẹ̀ kì í ṣàìsàn," ló wí. "Ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹ́."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ṣubú nídìí áyọ́ọ̀nù. Ọdún méjì gbáko ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ta ló wọlé? Dìdeńlẹ̀ ni, tó ń di ògiri mú rìn. Kò dá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mọ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo sùn sùn, àárẹ̀ náà ni mo tún ń bá jí. Àwọn ọmọ mi ní mò ń díbọ́n."

Àánú fẹ́ ṣe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ ò jẹun ni?" ni Dìdeńlẹ̀ jágbe. " Ẹ tẹ̀ ẹ́ gidi! Ẹ dìde, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ dìde" yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fẹsẹ̀ ti àga sẹ́yìn.

"Bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, Màdáámù."

Ó fi ìgúnpá àti gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti ọrùn dé gìgísẹ̀, fún odindi wákàtí kan, lórí ìdúró. Ẹ̀san náà dùn mọ́ ọn dé eegun. Dìdeńlẹ̀ dúpẹ́ dúpẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú.

Lọ́jọ́ kẹta, fóònù dún.

"Mi ò lè gbórí sókè," ni Dìdeńlẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Kí lẹ ṣe fún mi?"

"Àárẹ̀ kì í ṣàìsàn, Màdáámù. Ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Ẹ dìde ńlẹ̀."

Dìdeńlẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

"Ìwọ ni," ló wí. "Ìwọ tí mo gbé àga ẹ."

"Èmi náà ni."

"Ó yá, wá wò mí, kínú ẹ dùn."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ì bá lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń retí ìran yẹn. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ lòun náà ti nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló rí lò láti tẹ fóònù orí ìrọ̀rí. Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó dìde lórí àga.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà rẹ̀ ẹ́.